Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi Ké Lẹ́ẹ̀mẹta, Ó Dákẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ni bàbá mi. Wọ́n lọ kàwé ní London láàárín 1986 sí 1989, nígbà tí wọ́n sì ń bọ̀, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà Amstrad PCW 8256 kan wálé. Òun ni wọ́n fi ń kọ oríkì àti ìtàn ìlú wa sílẹ̀ títí di nǹkan bí 1996. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti papò dà. Mo rí ẹ̀rọ náà nínú yàrá ìkẹ́rù wọn l'Abẹ́òkúta, pẹ̀lú dísìkì mẹ́rìnlá nínú agolo bisikíìtì, ṣùgbọ́n n kò rí ìwé ìlànà kankan. Mo tan án. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Mo ki dísìkì kan bọ̀ ọ́, iná kékeré iwájú rẹ̀ tàn, nǹkan kan ń kùn nínú rẹ̀ bí ẹ̀fọn, ó wá ké lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Ọmọ kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní mẹ́mórì rẹ̀ ti jó, pé kí n jẹ́ kí òun yọ hard disk rẹ̀ kí òun fi kó ìwé bàbá mi jáde. Ẹlòmíràn ní dísìkì tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ti parẹ́, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò mi. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún bàbá. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan: ẹ gbé agolo bisikíìtì yẹn kúrò nínú yàrá tí ẹ̀rọ náà wà, ẹ gbé e síbi tó gbẹ, tí oòrùn kò ti ní í pa á, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki dísìkì kankan bọ ẹ̀rọ náà mọ́ títí a ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tí ẹ ti kì bọ̀ ọ́ yẹn náà ti tó.

Ìbéèrè méjì ni ẹ lọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Ṣé ẹ̀rọ yìí lè jí? Ṣé ọ̀rọ̀ bàbá mi lè jáde? Ẹ̀rọ lè jí kí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ọ̀rọ̀ sì lè jáde kí ẹ̀rọ má jí láéláé. PCW 8256 pọ̀ láyé. Ẹni tó bá wá a dáadáa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń rí i rà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó ẹrù àjà ilé rẹ̀ dànù. Oríkì ìlú yín tó wà nínú agolo bisikíìtì kò ní ìkejì. Dísìkì ni yóò máa ṣíwájú nínú gbogbo ohun tí mo bá ní kí ẹ ṣe, ẹ̀rọ á máa tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ọmọ tó fẹ́ yọ hard disk sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kò sí hard disk nínú ẹ̀rọ yẹn, kò sí níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Nígbà tí Amstrad gbé e jáde ní September 1985, £399 ni wọ́n ń tà á, láì ka owó orí mọ́ ọn, tòun ti príńtà rẹ̀. Àwọn tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ló ń rà á: pásítọ̀, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tẹ ìwé àpilẹ̀kọ. Wọ́n mú un bíi táípúráítà tó ń rántí ọ̀rọ̀. Chip Z80 tó ń sáré ní 4 MHz ni ọpọlọ rẹ̀, mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ 256K, fọ́tò kan ṣoṣo láti inú fóònù yín kò ní í gbà níbẹ̀. Bí iná bá lọ, gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́mórì yẹn bá iná lọ. Àwa tí a lò ó lábẹ́ iná ilẹ̀ wa mọ èyí dáadáa. Mo ti rí àgbàlagbà tó fọwọ́ lérán nítorí ojú-ewé mẹ́fà tí kò tíì fi pamọ́. Ohun tí bàbá yín bá fẹ́ kó kù, orí dísìkì ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò sí ibòmíràn. Bí ọmọ yẹn bá ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ láti wá hard disk, ohun tí yóò pàdé ni ìgò ojú ẹ̀rọ, mo sì ń bọ̀ wá sórí ìgò yẹn nítorí pé ó lè pa á.

Mẹ́mórì tó jó ńkọ́? Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, chip kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì láti gbé ètò ìbẹ̀rẹ̀ dání. Amstrad kò fẹ́ náwó sí chip yẹn. Wọ́n fi ètò kékeré kan, báìtì 256 péré, pamọ́ sínú chip tó ń darí príńtà, lórí bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ níbẹ̀. Tí ẹ bá tan iná, ètò bíńtín yìí ni ọpọlọ ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń kà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì rán an: lọ sórí dísìkì, gbé ètò tó wà níbẹ̀ wá. Bí ó bá rí i, ìlà á máa gba ojú ẹ̀rọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rí i, á ké lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú ẹ̀rọ yín tàn, nítorí náà apá tó ń pín iná ń ṣiṣẹ́. Ó ké iye tó yẹ kó ké, nítorí náà ọpọlọ rẹ̀ jí, chip príńtà náà sì bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tí mẹ́mórì rẹ̀ jó kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń wí ni pé òun dé ibi tí wọ́n rán òun, òun kò bá nǹkan tí òun lè fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì ló lè fa ìyẹn. Ọ̀kan rọrùn débi pé ojú máa ń ti ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta tú ẹ̀rọ kó tó rí i: bóyá dísìkì tí ẹ kì bọ̀ ọ́ kì í ṣe dísìkì ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí bàbá yín kọ oríkì sí kò ní ètò tó lè jí ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, á ké lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹ bá fi irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ àwọn mẹ́rìnlá náà wò fún èyí tí a kọ LocoScript sí lójú kan, tí a kọ CP/M sí lójú kejì. LocoScript ni ètò tí wọ́n fi ń kọ̀wé, CP/M Plus ni fún gbogbo iṣẹ́ yòókù. Ó lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹ̀dà tí bàbá fi ọwọ́ ara wọn kọ nǹkan sí lára, nítorí ìwé ìlànà gba èèyàn níyànjú láti ṣe ẹ̀dà kí wọ́n sì tọ́jú ti ilé iṣẹ́ pamọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ní nǹkan kùn bí ẹ̀fọn, ìyẹn ló jẹ́ kí n fura sí ìdí kejì. Dísìkì ínǹṣì mẹ́ta ni ẹ̀rọ yìí ń lò. Ẹ má ṣì í mú fún ti mẹ́ta àbọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí Sony gbé jáde tó sì borí lọ́jà. Kò sí dráìfù USB kankan tí ẹ máa rà lónìí tí ti yín máa wọ̀. Nínú dráìfù ẹ̀rọ yín, ìyẹn ibi tí dísìkì ń wọ̀, mọ́tò kékeré kan wà lápá kan, kẹ̀kẹ́ tó ń gbá àárín dísìkì mú wà lápá kejì, bẹ́líìtì rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá tẹ́ bẹ́líìtì náà sílẹ̀ bí ẹ̀gbà ọwọ́, á fẹ̀ tó nǹkan bíi 70 mm láti etí dé etí. Òun ló gbọ́dọ̀ yí dísìkì ní ìgbà 300 láàárín ìṣẹ́jú kan, láì yára jù, láì falẹ̀ jù. Rọ́bà tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú ooru Abẹ́òkúta kò lè ṣe é. Bóyá ó ti fà, tí mọ́tò wá ń sáré lásán bí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì rẹ̀ ti bọ́. Bóyá ó ti yọ́.

Èyí àkọ́kọ́ tí mo ṣí n'Ìbàdàn, mo rò pé ẹnì kan da ọ̀dà títì sínú rẹ̀ ni. Mo fi àtàǹpàkò kàn án, ó fà tẹ̀ lé mi bí ọbẹ̀ ilá. Ó dúdú, ó ń rùn bíi táyà, ó ti lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó sì ti kán díẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀. Mo fi ìdajì ọjọ́ nù ún. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi ló padà sọ ọ́ di aṣọ ìnulẹ̀. Ohun tó ń ká a ni spírítì tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe fi ń fọ bọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń pè ní IPA, pẹ̀lú òwú tí a fi ń nu etí. Ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì dán an wò. Wọ́n á jẹ ike inú rẹ̀, òróró wọn á sì kù síbẹ̀. Ẹ máa nu kẹ̀kẹ́ méjèèjì títí òwú á fi máa jáde ní funfun, torí bí ẹyọ dúdú kan bá ṣẹ́ kù, bẹ́líìtì tuntun á máa yọ̀ lórí rẹ̀.

Bẹ́líìtì tuntun ń bọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń tà á sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó bá PCW, CPC 6128 àti Spectrum +3 mu; kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lo irú dráìfù kan náà ni méjì ìkẹyìn yẹn. Kò wúwo, ẹni tó ń bọ̀ nílé lè fi í sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ẹ ra méjì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́bà tí a fi ń di owó dípò rẹ̀. Mo ti ṣe é rí. Ó yí, inú mi dùn, mo pe àwọn ọmọ ìṣẹ́ kí wọ́n wá wò ó. Ṣùgbọ́n ó ń yára, ó ń falẹ̀, bí ẹni tó mu ẹmu àárọ̀ tó ń wá ọ̀nà ilé, kò sì ka ohun kan jáde.

Ó yẹ kí n dá yín dúró níbí. Dráìfù yìí àti ojú ẹ̀rọ ń gbé inú àpótí kan náà. Ìgò ojú ẹ̀rọ àtijọ́ ń lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì, ó sì lè di í mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ plọ́ọ̀gì. Ẹ máa rí wáyà kan tó nípọn, tó ní fìlà rọ́bà lórí, tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò náà: ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi sukurudiráfà kàn án. Ọrùn ìgò náà lẹ́yìn tín-ín-rín bí ọrùn ìgò lọ́fíńdà, bí ẹ bá ṣèèṣì gbá a, ó tán nìyẹn. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ má sì ṣí i nígbà tí ẹ bá dá wà nílé. Bí àyà yín bá ń já, ẹ wá ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n onígò ṣe nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì ní ìdí. Wọn ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ewu yẹn ju ẹni tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe lọ, yíyọ dráìfù kò sì ní í gbà wọ́n ju wákàtí kan lọ. Èmi fúnra mi kì í tún apá ìgò ṣe. Bí ojú ẹ̀rọ bá kú, mo máa ń gbé e fún ẹlòmíràn, mo sì máa ń dúró lókèèrè.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìlànà ń dà yín láàmú ju bó ti yẹ lọ. Àwọn èèyàn ti ya ìwé tó bá ẹ̀rọ yìí wá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ẹ̀rọ náà ni ẹ máa fi wá a. Ṣùgbọ́n ìwé náà kọ́ èèyàn bí a ti ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá báńkì, kò kọ́ èèyàn bí a ti ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé tó máa ṣe yín láǹfààní ni èyí tí ẹ máa fọwọ́ ara yín kọ. Kí ẹ tó tú sukúrù kan, ẹ ya fọ́tò. Ẹ tú u, ẹ tún yà á. Ẹ lẹ bébà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi bírò kọ ibi tó ti wá sí i àti apá tó kọ sókè. Mo ní ìwé ọmọléèwé kan tí mo ti ń ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí láti 1994. Ó ti bò mí láṣìírí ju ìwé ilé iṣẹ́ èyíkéyìí lọ. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mo fi bírò pupa kọ, ẹ kọ ọ́ sínú tiyín náà: nínú wáyà iná tó wọ dráìfù ínǹṣì mẹ́ta ti Amstrad, fólítì 5 àti fólítì 12 gba ipò ara wọn sí bí ẹ ṣe máa rí i nínú dráìfù kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹni tó bá kàn mú wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í bọ̀ ọ́, èéfín ló máa rí. Ẹ má tẹ̀ lé àwọ̀ wáyà. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n.

Ó wá kan dísìkì. Ẹni tó ní wọ́n ti parẹ́ ń fi tiẹ̀ sọ ni. Iye ọdún nìkan kì í pa dísìkì. Àwọn tó wá láti nǹkan bí 1987 ti kọjá lọ́wọ́ mi, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló kà bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́. Ohun tó ń pa wọ́n nílẹ̀ wa ni ọ̀rinrin, torí ọ̀rinrin ń mú kí ebu hù sí wọn lójú, bí èyí tó ń hù sára búrẹ́dì ọjọ́ kẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn ni mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà, bí a bá gbé wọn lé e lórí fún ọdún pípẹ́. Agolo bisikíìtì tó dé pinpin kò burú rárá. Bàbá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ ebu yìí rí, kí n má purọ́. Obìnrin kan kó dísìkì mẹ́jọ wá sọ́dọ̀ mi, ìwé ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló wà níbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ kà dáadáa, ara mi yá, n ò yẹ ẹ̀kẹta wò kí n tó kì í bọ̀ ọ́. Ó ti bu. Orí tó ń ka dísìkì kó ebu náà, ó di bíi sánńpépà, mo sì fi orí kan náà ka ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún, kí n tó gbọ́ ohùn kan tó ń ṣe ṣìì, ṣìì. Nígbà tí mo yọ wọ́n, òrùka kan ti há sójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ń dán, ẹ lè fi ojú lásán rí i. Ohun tó wà níbi òrùka yẹn kò sí ẹni tó lè dá a padà. Mo sọ fún un, kò bú mi, ìyẹn ló dùn mí jù.

Nítorí náà, kí ẹ tó ki ọ̀kankan bọ ẹ̀rọ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kékeré inú dísìkì náà. Ohun kan wà létí dísìkì tí ẹ lè fi èékánná tì. Bí ó bá ti sún, ẹ ó rí ojú dísìkì náà, àwọ̀ rẹ̀ dúdú tó ń dán díẹ̀. Ẹ fi ìka yí i láti àárín, díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wò ó yíká, kí ẹ yí i dà kí ẹ wo ojú kejì. Èyí tó bá mọ́, ẹ fi í sápá ọ̀tún. Èyí tó ní àmì funfun, ẹ fi í sápá òsì, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ lọ́jọ́ yẹn. A lè fi òwú tó tutù pẹ̀lú IPA nù ún láti ojú ilẹ̀kùn yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ sùúrù ni, kì í sì í mọ́ tán nígbà mìíràn. Ẹ tún wo ihò kékeré tó wà létí dísìkì: ẹ ṣí i sílẹ̀, ẹ̀rọ kò ní lè kọ nǹkan sórí rẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀. Nígbà tí bẹ́líìtì bá ti wọlé, tí ẹ sì ti fi òwú nu orí tó ń kà á, ẹ kọ́kọ́ fi dísìkì tí ẹ lè pàdánù dán an wò, irú èyí tí Dr Logo (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tó bá ẹ̀rọ náà wá) wà lórí rẹ̀, torí n ò tíì rí ẹni tó sunkún nítorí Dr Logo. Ẹ jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ẹ wo ojú rẹ̀ lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá sí òrùka, a lè tẹ̀ síwájú.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín bí dísìkì kan bá kà tó sì dà bí ẹni pé òfìfo ni. LocoScript ń pín ojú dísìkì sí àgbo mẹ́jọ, láti 0 dé 7. Bí ẹ bá fi CP/M wò ó, àgbo 0 nìkan ló máa fi hàn yín. Ẹ ní láti tẹ USER 1, USER 2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó rí àwọn yòókù. Èyí tó tilẹ̀ dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀rọ yìí ni pé bí ẹnì kan bá pa ìwé rẹ́ nínú LocoScript, ìwé náà kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó ń lọ síbi kan tí wọ́n ń pè ní limbo, á wà níbẹ̀ títí àyè á fi há lórí dísìkì. Inú àgbo 8 sí 15 ni wọ́n wà bí ẹ bá fi CP/M wá wọn. Mo ti bá orí ìwé odidi níbẹ̀ tí ẹni tó ni ín ti gbàgbé pé òun kọ ọ́ rí. Bí bàbá bá kọ oríkì ilé kan, tí wọ́n tún un kọ, ó ṣeé ṣe kí èyí àkọ́kọ́ ṣì sùn síbẹ̀. Ẹ má kọ ohunkóhun tuntun sórí dísìkì wọ̀nyẹn. Ohun tuntun ló ń lé limbo jáde.

Ọ̀nà wo la ó wá gbà kó wọn jáde? Ojú kan ń gba 180K, 173K ló sì ń kù fún ìwé. Mẹ́rìnlá ní ojú méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọ̀nà kan ni kí ẹ so àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní Gotek mọ́ ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bíi dráìfù kejì. Fláàṣì USB ló ń lò, PCW á rò pé dráìfù 720K ni, ẹ ó wá máa ṣe ẹ̀dà láti A, dráìfù àtijọ́, lọ sí B, Gotek náà. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí nítorí pé kò wọ́n, ó sì tún lè jẹ́ dráìfù ìbẹ̀rẹ̀ bí ti àtijọ́ bá kọ̀ jálẹ̀ tàbí bí dísìkì ìbẹ̀rẹ̀ bá ti sọnù. Àléébù rẹ̀ ni pé PCW ló ń ṣe ìkàwé náà, PCW kò sì ní sùúrù: bí ibì kan kò bá kà, á bi yín bóyá ẹ fẹ́ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní ọgbọ́n mìíràn. Ọ̀nà kejì ni kí a yọ dráìfù náà kúrò nínú ẹ̀rọ, kí a so ó mọ́ bọ́ọ̀dù kékeré tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Greaseweazle, èyí tó ń gba USB wọ kọ̀ǹpútà òde òní. Kò bìkítà fún fáìlì tàbí LocoScript. Bí mágínẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí padà lójú dísìkì ló ń gbà sílẹ̀, ó lè yí ibi tó le ní ìgbà ogún kí ó sì kó gbogbo rẹ̀ pamọ́. Ìyẹn dára jù fún dísìkì tó ń ṣàìsàn. Ó ń béèrè wáyà tó bá a mu, iná tó tọ́, àti ẹni tó mọ ohun tó ń wò. Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ kó dísìkì fún ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú kò ní í pa wọ́n. Kí a sọ wọ́n nù sọ́nà ni mo ń bẹ̀rù. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ fi lé ẹbí lọ́wọ́, kí ó gbé e sínú àpò ọwọ́ rẹ̀, kí ó má sì kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Bí ó bá jẹ́ tèmi, máa fi Gotek kó àwọn tápá ọ̀tún, máa fi ti apá òsì sílẹ̀ fún Greaseweazle, títí màá fi rí ẹni tó ní i. Príńtà yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ báyìí. Ríbọ́nù rẹ̀ ti gbẹ, kò sì ní ohun tó fẹ́ bá wa ṣe níbí.

Ohun kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò ní í sọ fún yín, torí wọn kì í kọ Yorùbá lórí ẹ̀rọ yìí. Àmì ohùn tó ń wà lórí lẹ́tà kì í ṣòro fún LocoScript, àwọn ará Faransé náà ń lò ó. Àmì abẹ́ ni ìyọnu. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ yìí kọ Yorùbá ní ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ jáde láì fi àmì sí i, wọ́n á wá fi bírò to àmì abẹ́ sí i lórí bébà lálẹ́. Bí bàbá bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, orí bébà nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn ti pé, dísìkì kò sì ní í dá a padà fún yín. Ẹ wá gbogbo fáìlì bébà inú yàrá yẹn kí ẹnikẹ́ni tó fi wọ́n dáná. Àwọn mìíràn ń fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà náà nínú LocoScript, bí a ti ń ṣe lórí táípúráítà. Ibi tí èèyàn ti ń kó sí kòtò nìyí. LocoScript lè sọ ìwé di ASCII, ìyẹn lẹ́tà lásán láì sí ọ̀ṣọ́ kankan, kí kọ̀ǹpútà òde òní lè kà á, gbogbo ẹni tí ẹ bá bi ló sì máa ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. ASCII kò mọ ìlà abẹ́, kò sì mọ àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ àti oko á di ohun kan ṣoṣo, tí ẹ ó fi máa wo oríkì ọlọ́dẹ kí ẹ má mọ̀ bóyá ó jù ú tàbí ó ro ó. Ẹ ṣe ASCII bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú fáìlì LocoScript gan-an àti àwòrán odidi dísìkì (kì í ṣe fọ́tò, fáìlì kan tó gbé gbogbo ohun tó wà lójú dísìkì ni) lọ́tọ̀ sí i, síbi méjì ó kéré tán.

Bí àwòrán dísìkì bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè ṣí i láì tan ẹ̀rọ bàbá rárá. Ètò kan wà tó ń ṣe bíi PCW nínú kọ̀ǹpútà òde òní, Joyce ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe PCW nílé iṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e jáde ni, orúkọ akọ̀wé Alan Sugar, ọ̀gá Amstrad nígbà náà; ní Jámánì, Joyce náà ni ilé iṣẹ́ Schneider fi ń tà á. Orúkọ náà tilẹ̀ lè wà nínú fáìlì bàbá yín. Ẹ fi ètò tó ń fi báìtì hàn wo lẹ́tà mẹ́ta tó ṣáájú nínú fáìlì àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí gbà. Bí ó bá jẹ́ JOY, LocoScript àkọ́kọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ DOC, LocoScript 2 ni. Ẹ kọ èyí tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú fọ́tò ojú-ewé kan tí bàbá tẹ̀ láti inú rẹ̀, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì abẹ́ sí i.